Ẹlẹ́rìí Ẹnu Iná

Ní Ìlàsà, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sápá Èkìtì, obìnrin kan wà tó ń ṣe búrẹ́dì tà. Morádékẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí oúnjẹ má wọ Morádékẹ́ lẹ́nu lóòjọ́, kó ṣe ohun kan lójú rẹ̀ kó má sọ ìdí rẹ̀ fún un. Láti kékeré ló ti ń bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi lé e síta: kí ló dé tí omi inú àmù ń tutù ju ti inú garawa lọ, kí ló dé tí ẹyẹ ń sùn lórí ẹ̀ka tí kì í já bọ́. Ìyá rẹ̀ a máa ní bí ikú bá dé bá ọmọ òun, yóò kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an àti ọ̀nà wo ló gbà wá.

Ìwà yìí náà ló sọ ọ́ di alábúrẹ́dì gidi. Ààrò amọ̀ ló ń lò, ààrò náà kò sì ní aago kankan tó ń sọ bí ooru ṣe tó. Ọwọ́ Morádékẹ́ ni aago. Bí igi bá ti jó di ẹyín iná, tó sì ti gbá ẹyín náà kúrò, a na ọwọ́ wọ inú ààrò lọ́hùn-ún, a máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Bí ọwọ́ bá lè dúró dé ẹẹ́jọ, iyẹ̀fun tó pò lè wọlé. Bí ọwọ́ bá sá ní ẹẹ́rin, kó dúró ná, torí pé ẹ̀yìn búrẹ́dì yóò jóná kí inú rẹ̀ tó jinná. Irun ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti tán pátápátá, ó sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ni Fálúyì, awakọ̀ tó ń kó kòkó láti Ìlàsà gun òkè lọ sí Òkè-Ọbà. Búrẹ́dì ọdún mọ́kànlá àti wàhálà Fálúyì nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni tọkọtaya náà fi ra ọkọ̀ akẹ́rù tiwọn, àlòkù tó ti rí ayé dáadáa kó tó dé ọwọ́ wọn. Wọn kò ní oko kòkó, wọn kò ní ilé méjì. Ọkọ̀ yìí ni oko wọn, òun náà ni wọ́n gbójú lé fún Àrìnọlá, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo tó wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Fálúyì kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ọkọ̀ náà pé Ẹ̀BẸ̀ LÀ Ń BẸ ÒKÈ, ẹni tó bá sì mọ òkè Ìlàsà mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Òkè náà gùn tó máìlì mẹ́ta. Kọ́nà mẹ́rin ló ní, ibi tó le jù níbẹ̀ sì ni gígùn tó kẹ́yìn, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Èjìká, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń mọ̀ pé òun ru ẹrù.

Lókè téńté ni ilé ìwọ̀n kòkó wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìṣó méjìlá ni wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, awakọ̀ tó bá dé a sì fi fìlà rẹ̀ kọ́ ìṣó tó bá kàn. Fìlà orí ìṣó àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń wọn ẹrù rẹ̀ ṣáájú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Ẹni tí fìlà rẹ̀ bá wà níwájú yóò já ẹrù, yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé òmíràn. Ẹni tí fìlà rẹ̀ bá wà lẹ́yìn yóò sun ibẹ̀, yóò máa bá ẹ̀fọn ṣe àlejò. Ìṣó keje ni Fálúyì mọ́ lára jù. Ìṣó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àwọ̀ fìlà rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìṣó keje sú u, ó gbé ọkọ̀ lọ bá Ọ̀gá Rábíù, fítà àgbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkè, ó ní kó bá òun fi kún agbára ẹ́ńjìnì. Ará Ìsẹ́yìn ni Rábíù. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń tú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ dísù, kì í sì í sáré sọ̀rọ̀.

"Ó ṣeé ṣe," ni Rábíù wí. "Màá tún pọ́ńpù ṣe kó máa fún un ní epo sí i. Epo yẹn ni yóò di iná, iná yẹn ni yóò tì ọ́ gun òkè. Ṣùgbọ́n bí iná bá pọ̀ sí i, ooru náà ń pọ̀ sí i nìyẹn, irin tó gbà á mọ́ra kò sì nípọn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. N kò ní í fọwọ́ kàn án àfi bí o bá gbà kí n fi aago èéfín sí i."

"Ọ̀gá, ṣebí aago omi ti wà níbẹ̀?"

"Omi kọ́ ló ń jó. Omi dà bí ará ilé kejì. Bí tọkọtaya bá ń jà nínú yàrá, kí ará ilé kejì tó gbọ́, wọ́n ti fọ́ àwo tán." Rábíù mú irin kan tó rí gbọọrọ bíi pẹ́ńsù, tí wáyà so mọ́ ìdí rẹ̀, ó gbé e sókè. "Èyí, inú yàrá gan-an ni yóò wà. Màá lu ihò sára irin tó ń gba èéfín lẹ́nu ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ ni màá kì í bọ̀. Òun ni ẹlẹ́rìí. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ni abẹ́rẹ́ aago yóò máa sọ fún ọ níwájú."

Morádékẹ́ tó gbé búrẹ́dì wá fún wọn kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ń wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni rìbìtì yìí?"

"Tọ́bò ni, Ìyá Àrìnọlá. Ṣé ẹ mọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹwìrì ọkọ̀ nìyẹn. Èéfín gbígbóná tó ń jáde ló ń yí i, òun náà a wá máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì kí iná lè jó dáadáa."

"Èéfín náà wá ń gba ibo lọ?"

"Ó ń gba inú páìpù yìí lọ sẹ́yìn. Nígbà yẹn ó ti ṣe iṣẹ́ tọ́bò tán, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ooru rẹ̀ ti dín kù gan-an."

"Bí ọkùnrin tó ti oko dé," ni Morádékẹ́ wí, ó sì rọra fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe sí gbogbo ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Rábíù pe Fálúyì síwájú aago náà. Nọ́ńbà oókan dé ẹẹ́sàn-án ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ọgọ́rùn-ún. Rábíù ti tọrọ ọ̀dà èékánná pupa lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fi fa ilà tín-ín-rín sórí eéje.

"Bí abẹ́rẹ́ bá wà lábẹ́ ẹẹ́fà, máa jẹ ẹ̀pà rẹ lọ," ló wí. "Tó bá wà láàárín ẹẹ́fà sí eéje, òkè lo ń gùn, kò burú, ṣùgbọ́n má gbójú kúrò lára rẹ̀. Tó bá ti kan ilà pupa, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù díẹ̀, já jíà sílẹ̀, kí ẹ́ńjìnì lè mí. Tó bá dé ẹẹ́jọ tó sì dúró síbẹ̀, orí písítìn, irin tí iná ń tì sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, ti ń rọ̀ nìyẹn. Bí o bá sì gun òkè dé, má ṣe pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ooru lè kúrò lára rẹ̀."

Fálúyì gbọ́ràn fún odidi oṣù méjì. Ọkọ̀ náà ti di ọ̀tun. Fìlà rẹ̀ kúrò lórí ìṣó keje, ó dé ìṣó kẹrin, nígbà mìíràn ẹ̀kẹta. Èèyàn tó ní ìtẹ́lọ́rùn ì bá dúpẹ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Mọ̀la, nítorí àkọlé ọkọ̀ rẹ̀ tó ní TA LÓ MỌ Ọ̀LA. Ọkọ̀ tirẹ̀ tóbi jù, ẹnu rẹ̀ náà sì tóbi. Bí Fálúyì bá ti dé Èjìká, abẹ́rẹ́ a fẹnu kan ilà pupa, Fálúyì a gbẹ́sẹ̀, a já jíà sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Mọ̀la máa ń gbà kọjá lára rẹ̀, tí yóò máa fọn fèrè. Lókè, lójú gbogbo àwọn awakọ̀, a tún máa bá a ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Ẹ wá wo awakọ̀ tí abẹ́rẹ́ ń wà. Fálúyì, ṣé abẹ́rẹ́ ti gbà kí o jẹun, àbí ká bá ọ bẹ̀ ẹ́?"

Ẹ̀rín a sọ. Fálúyì náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín eyín lásán ni. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dé eegun. Ó pẹ́ lójú ọ̀nà ju Mọ̀la lọ, ó sì dàgbà jù ú lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, nǹkan yí padà. Fálúyì ti òkè dé, ó ń kọrin. Ó ní ìṣó kejì ni fìlà òun wà, ó jẹ iyán tán, ó tún ní kí wọ́n bu sí i. Inú Morádékẹ́ dùn sí i, torí ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ orin lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà Òkè-Ọbà, ó di búrẹ́dì sínú apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin, ó bá a wọ ọkọ̀ lọ.

Wọ́n dé Èjìká. Ọkọ̀ ń ké, ẹsẹ̀ Fálúyì wà lórí tọ́tù tó fi kan ilẹ̀, kò sì já jíà sílẹ̀. Morádékẹ́ wo ojú aago. Abẹ́rẹ́ wà láàárín aárùn-ún sí ẹẹ́fà. Ó wo dígí ẹ̀gbẹ́, ó rí i pé èéfín dúdú tó ń tú jáde lẹ́yìn wọn ti bo àwọn àgùntàn tó ń jẹko létí ọ̀nà mọ́lẹ̀ pátápátá.

"Bàbá Àrìnọlá, ṣé ẹrù wa dín kù lónìí ni?"

"Ó tilẹ̀ lé."

"Òkè náà ńkọ́, ṣé ó ti kúrú ni?"

Fálúyì rẹ́rìn-ín. "O tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Èmi kàn ń béèrè ni. Òkè kan náà, ẹrù tó pọ̀ sí i, èéfín tó dúdú sí i, abẹ́rẹ́ wá ń relẹ̀. Kí ló fà á?"

"Ọkọ̀ ti mọ òkè," ni Fálúyì dáhùn. "Bí ẹṣin bá gba ọ̀nà kan títí, kì í ṣe wàhálà fún un mọ́."

Morádékẹ́ gbé ìdáhùn náà yẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ ẹyin wò nínú oòrùn, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Òun náà ti ní ààrò kan fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ààrò náà kò sì tíì mọ búrẹ́dì débi tí iná fi máa dín ooru rẹ̀ kù fún un. Nígbà tí wọ́n ń jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ìtàn kan fún ọkọ rẹ̀ tí kò sọ fún un rí, torí ojú ń tì í.

"Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì, ọwọ́ mi bó. Ẹ rántí? Mo wá ní kí ló dé tí mo ń fìyà jẹ ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yẹ ooru wò lẹ́nu ààrò níta, n kò na ọwọ́ wọlé mọ́. Ó dùn mọ́ mi. Mo lè ka oókan dé ẹẹ́wàá kí ara má ta mí. Ọgọ́ta búrẹ́dì ni mo kó wọ inú ààrò lọ́jọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ ló di èédú."

Fálúyì dáwọ́ oúnjẹ dúró díẹ̀. Morádékẹ́ rí i pé ojú rẹ̀ sá kúrò lójú òun, ó lọ bá fìtílà.

"Búrẹ́dì nìyẹn," ló wí. "Irin ni tèmi."

Lọ́jọ́ kejì, Morádékẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Rábíù láti bi í léèrè bóyá ọkọ̀ ń mọ òkè lóòótọ́. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Rábíù ló kú, ó ti lọ sí Ìsẹ́yìn, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí Morádékẹ́ ṣe ń padà lọ sílé, ìbéèrè náà ń yún un bí aṣọ tí wèrèpè kàn. Kò fura sí ọkọ rẹ̀ o. Ohun tó ń dà á láàmú kò ju pé nǹkan kan wà tí kò yé e lọ, kò sì sí ẹni tó máa là á yé e.

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ní òun ń bá ọkọ̀ lọ. Òun nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe búrẹ́dì ló ń lé òun. Fálúyì ti gbé ogún àpò kòkó lé iye tó ń gbé tẹ́lẹ̀, nítorí ó ti fẹnu sọ fún àwọn awakọ̀ pé lónìí, fìlà òun ló máa wà lórí ìṣó àkọ́kọ́. Mọ̀la ti ṣáájú wọn kúrò nísàlẹ̀ òkè. Wọ́n gba kọ́nà kìíní, wọ́n gba ìkejì àti ìkẹta. Ní kọ́nà kẹrin wọ́n rí ẹ̀yìn ọkọ̀ Mọ̀la lókèèrè.

"O rí i?" ni Fálúyì wí. "Lónìí a óò mọ ẹni tí abẹ́rẹ́ ń wà."

Wọ́n wọ Èjìká. Ó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó ké, ó sáré bá Mọ̀la, ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọjá. Fálúyì gbé ọwọ́ sókè jáde lójú fèrèsé. Morádékẹ́ kò wo Mọ̀la. Abẹ́rẹ́ ló ń wò. Abẹ́rẹ́ wà nídìí ẹẹ́fà, kò tilẹ̀ sún mọ́ ilà pupa, bẹ́ẹ̀ sì ni òórùn kan ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé tó jọ ti ìkòkò òfìfo tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

"Bàbá Àrìnọlá, nǹkan ń jó."

Kó tó sọ̀rọ̀ náà tán, ohun kan lù nínú ẹ́ńjìnì bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù lu garawa. Agbára lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín funfun bò wọ́n níwájú. Ọkọ̀ dúró, ó mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà sẹ́yìn, pẹ̀lú gbogbo àpò kòkó, sórí Mọ̀la tó wà nísàlẹ̀ wọn. Fálúyì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bíréèkì, òógùn bò ó. Morádékẹ́ ti bẹ́ sílẹ̀. Ìtì igi tí wọ́n fi ń dènà taya wà lẹ́yìn àga, ó wọ́ ọ jáde, ó sáré lọ sẹ́yìn, ó sọ ọ́ sábẹ́ taya, ó fi ẹsẹ̀ tì í. Taya gun igi náà díẹ̀, igi náà dún, ọkọ̀ dúró. Mọ̀la tó ti ń fi jíà ẹ̀yìn sá lọ dúró, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kankan. Ó gbé òkúta ńlá kan wá, ó fi kún igi Morádékẹ́.

Fálúyì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n òjìji bọ́nẹ́ẹ̀tì bo ẹ́ńjìnì, nínú òjìji náà ni wọ́n sì ti rí i. Irin tó ń gba èéfín lẹ́nu ẹ́ńjìnì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná alágbẹ̀dẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, wọ́n ń wò ó.

Morádékẹ́ rántí abẹ́rẹ́ tó wà nídìí ẹẹ́fà. Àwọ̀ irin yìí kì í ṣe ti ẹẹ́fà. Ó ti wo iná fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ó mọ̀ ọ́n. Ó wá ihò tí Ọ̀gá Rábíù lu lójú rẹ̀, ó rí i, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì lásán ni wọ́n fi dí i. Wáyà aago dà? Ó rí i níbi tó ti jáde lára ògiri iwájú. Ó ń tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú ìka, láìfọwọ́ kàn án nítorí ooru. Wáyà náà gba ẹ̀gbẹ́ irin tó pọ́n náà kọjá, ó kọjá tọ́bò, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Morádékẹ́ kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà títì, ó tẹ orí wọlé. Lọ́hùn-ún, lára páìpù tó ń lọ sẹ́yìn, níbi tí èéfín ti rẹ̀ tán, ibẹ̀ ló ti rí irin gbọọrọ náà tó jókòó sínú ihò tuntun, tí àpá wẹ́dà ṣì ń dán lára rẹ̀.

Ó dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀. Ìbéèrè tó ti ń yún un láti ọjọ́ ọjà tó kọjá ti rí ìdáhùn, ó sì wù ú pé kó má rí i.

"Bàbá Àrìnọlá, ta ló gbé ẹlẹ́rìí kúrò níbi tó wà?"

Fálúyì wo Mọ̀la, ó wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Mo ní kí wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà bá mi gbé e sẹ́yìn díẹ̀. Mo mọ̀ pé kò tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí n kò rí pupa mọ́, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tó yá mo gbàgbé pé èmi ni mo gbé e."

Morádékẹ́ fẹ́ bínú, ó sì bínú lóòótọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó ronú kan Àrìnọlá. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọkùnrin náà ní òun gbàgbé pé òun ni òun gbé e, ó rántí ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu ààrò àti bí ó ṣe dùn tó láti ka oókan dé ẹẹ́wàá. Ó jókòó tì í sórí òkúta Mọ̀la.

Nígbà tí Ọ̀gá Rábíù ti Ìsẹ́yìn dé, wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá bá a. Ó tú ẹ́ńjìnì. Nínú písítìn mẹ́fà, orí méjì ti yọ́, wọ́n rí gbágungbàgun bí àbẹ́là tí wọ́n tàn gbàgbé, ìkẹta sì ti là. Rábíù gbé ọ̀kan lé Morádékẹ́ lọ́wọ́, nítorí ó mọ̀ pé yóò fẹ́ mọ bó ṣe rí. Ó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Fálúyì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń retí èébú. Rábíù kò bú u.

"Fálúyì, ìbéèrè kan ni mo ní," ni àgbà náà wí. "Lọ́jọ́ tí o gbé irin yẹn sẹ́yìn, ṣé iná mọ̀ pé o gbé e?"

Fálúyì mi orí. "Kò mọ̀, Ọ̀gá."

"Ìwọ̀n tí mo fún ọ, ẹnu iná ni mo ti wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn tọ́bò, aago lè máa sọ pé ẹẹ́fà nígbà tí ẹnu iná ti kan ẹẹ́jọ. Irọ́ kọ́ ni ẹlẹ́rìí pa. Ohun tó rí níbi tí o gbé e sí ló sọ."

Gbogbo àkókò kòkó ọdún náà kọjá lórí ọkọ̀ náà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Rábíù. Ààrò Morádékẹ́ ló bọ́ ilé, òun náà ló rán Àrìnọlá padà sílé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú Fálúyì tó ń la igi, tó ń po iyẹ̀fun, tó sì wá ń mọ bí irun ṣe ń kúrò lára ọwọ́ èèyàn. Nígbà tí òjò ọdún kejì rọlẹ̀, ẹ́ńjìnì náà jí. Rábíù dá ẹlẹ́rìí padà sí ẹnu iná. Lórí Èjìká, abẹ́rẹ́ a fẹnu kan ilà pupa, Fálúyì a gbẹ́sẹ̀, a já jíà sílẹ̀, fìlà rẹ̀ a sì máa gbé orí ìṣó kẹrin. Kò sí ẹni tó bá a ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Mọ̀la fúnra rẹ̀ ti yọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù Rábíù lọ́jọ́ kan láti wá ra aago èéfín. Nígbà tí Rábíù bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí òun fi irin rẹ̀ sí, ó ní, "Ẹnu iná ni, Ọ̀gá. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sáàárín àwọn awakọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, àwọn àgbà Ìlàsà ń ṣe ìpàdé lórí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn. Bàbá arúgbó kan tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà kì í jẹ́ kí ojúmọ́ mọ́ kó má wá sọ fún wọn pé ògiri kíláàsì ìkẹta ń là sí i. Ó ti sú wọn. Wọ́n pinnu láti gbé e lọ máa ṣọ́ ọjà, kí etí wọn lè sinmi. Gbogbo wọn ti fọwọ́ sí i nígbà tí Morádékẹ́, tó gbé búrẹ́dì ìpàdé wá, ní òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́. Bí ẹ bá gbé Bàbá lọ sọ́jà, ṣé ògiri máa mọ̀ pé ẹ gbé e lọ?"

Fálúyì, tó jókòó lẹ́yìn láàárín àwọn awakọ̀, dìde dúró. Kì í sọ̀rọ̀ nípàdé tẹ́lẹ̀. Ó ní ohun tí ìyàwó òun ń sọ, òun ti fi ẹ́ńjìnì òun san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun ò sì fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni tún san án. Ó wá sọ gbólóhùn kan tí Ìlàsà kò gbàgbé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò nínú kíláàsì yẹn. Ògiri náà kò dúró de òpin ọ̀sẹ̀ kó tó wó. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ìlú náà, àti gbogbo awakọ̀ tó ń gun òkè Ìlàsà, fi ń pa gbólóhùn Fálúyì náà lówe pé: ẹni tó gbé ẹlẹ́rìí jìnnà sí iná, kò tíì paná.